Ewé Tí Ojúọlápé Kò Dárúkọ

Ní abúlé Ìdí-Òsè, kò sí ilé tí àgbo Ojúọlápé kò dé rí. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè ń bó, tí imú ń ṣomi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń gbà lọ. Opó ni. Nínú ọmọ mẹ́rin tó bí, ẹyọ kan ṣoṣo ló yè fún un, ìyẹn Láoyè. Nígbà tí Láoyè wà ní kékeré, ọ̀fìnkìn kì í jẹ́ kó rí imú mí. Tìtorí rẹ̀ ni ìyá ṣe wá àgbo náà kiri títí ó fi rí i. A máa da aṣọ bo ọmọ rẹ̀ lórí ooru ìkòkò, a máa kọrin sí i létí títí imú rẹ̀ yóò fi là.

Láoyè dàgbà, ó fẹ́ Ìbídùn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Ìbídùn, kò gbójú sókè wo ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Ohun tó sì ń dun Ojúọlápé gan-an nìyẹn. Ká ní aláìgbọràn ni ìyàwó náà ni, ìyá ì bá rí nǹkan sọ. Láoyè tó máa ń sáré wá jẹun ní yàrá ìyá rẹ̀ ti ń jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó. Bí ó bá ti oko dé, ìyàwó ló ń kọ́kọ́ pè. Ojúọlápé a jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti ẹ̀yìnkùlé, ara rẹ̀ a sì máa yún un bí ẹni tí wọ́n da wèrèpè sí lára.

Ní ọdún kejì ìgbéyàwó wọn, ọ̀fìnkìn mú Láoyè. Ìyá gbọ́ bó ṣe ń sín, ó fọ ìkòkò sílẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Kàkà kí Láoyè wọlé, Ìbídùn ló wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní àgbo yín. Mo fẹ́ máa sè é fún un fúnra mi, kí ẹ̀yin lè sinmi."

"Kí n sinmi?" Ojúọlápé tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Létí tirẹ̀, bí ẹni pé ó ní kó lọ kú ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò le, ìyàwó. Efinrin, koríko ọba, ewé ọsàn wẹ́wẹ́ àti yúnyún. Sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n. Kí ó bora, kí ó fa ooru rẹ̀ símú. Má jẹ́ kó fi omi tútù bọ́jú, má sì jẹ́ kó tẹ ìrì òwúrọ̀."

Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Kò dárúkọ imí eṣú, koríko olóòórùn tí gbogbo ayé ń ro dànù lẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń la imú nínú àgbo náà.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Ìbídùn fi se àgbo. Imú Láoyè kò là. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wọ́ ara rẹ̀ dé yàrá ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ gbà mí." Ìyá sè é fún un, nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, imú ti là. Àwọn obìnrin etí odò ń sọ ọ́ kiri pé, "Ọwọ́ ìyàwó Láoyè kì í ṣe ọwọ́ oògùn." Ojúọlápé gbọ́, kò bá wọn jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Láti ìgbà náà, bí Láoyè bá ti sín, Ìbídùn fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ìkòkò wá bá ìyá, tòun ti ìtìjú.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ mú kọjá bó ṣe yẹ, ó sì dá Ojúọlápé fúnra rẹ̀ wó. Imú dí, àyà wúwo, ohùn há. Ìbídùn ká ẹní rẹ̀, ó wá ń sùn ti ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ń fi òrí pa á láyà àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Lẹ́yìn èyí ló wá gbé ìkòkò kaná.

"Bí ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sè é, Ìyá."

Ojúọlápé fa ooru náà lábẹ́ aṣọ, ó sì mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ ni imí eṣú náà hù sí. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dárúkọ rẹ̀ láìtú àṣírí ara rẹ̀? Ó dákẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń mí gúlegúle.

Láoyè wọlé. "Ìbídùn, jẹ́ kí n lọ pe ẹlòmíràn. Ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ rẹ…"

Ìbídùn bú sẹ́kún. "Òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ni kò dáa. Ìyá, ẹ foríjì mí." Ó ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ bí ẹni tó fẹ́ bó o kúrò lára.

Láoyè gbé ọwọ́ lé e léjìká. Pẹ̀lú àìsàn tó wà lára Ojúọlápé, owú tún ta á nígbà tó rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ ìyàwó náà pẹ̀lú. Ooru ìkòkò ti bó gbogbo ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ," Ìyá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ ní kí ni, Ìyá?"

"Ọwọ́ rẹ dáa. Ewé rẹ̀ ló kù kan. Èmi ni mo fi pamọ́ fún ọ."

Láoyè wo ìyá rẹ̀ títí, ó yí padà, ó jáde. Ìbídùn nìkan ló dúró.

"Ewé wo ni?"

"Imí eṣú."

Ìbídùn gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó já ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó sì tún iná dá. Nígbà tó ń da aṣọ bo ìyá, Ojúọlápé bi í pé, "Ṣé o ò bínú sí mi ni?"

"Mò ń bínú, Ìyá. Ẹ fa ooru náà ná."

Nígbà tí ara ìyá yá, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé etí odò, ó sì sọ fún àwọn obìnrin ibẹ̀ pé, "Ẹ yé bú ọwọ́ Ìbídùn. Ewé kan ló kù nínú àgbo rẹ̀, èmi ni mo mọ ibi tó wà." Láoyè kò bá a sọ̀rọ̀ gidi títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ létí odò kò tán síbẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ ló mú un relé, títí ó fi di ohun tí àwọn àgbà ń pa lówe pé: oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan.