Ọkà bàbà Ọ̀jẹ́wùmí

Àwọn àgbà a máa wí pé, “A kì í kọ́ ọkà bàbà ní òùngbẹ.” Bí ìyàwó ilé bá ń bu òkèlè sẹ́nu ọmọ tó ti tó dá jẹun, ìyá ọkọ á sọ ọ́ sí i. Bí ọ̀gá kò bá jẹ́ kí ọmọ tó ti mọṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, wọ́n á sọ ọ́ sí òun náà. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á máa wojú wa. Ọkà wo ló ní ọ̀fun? Ta ló sì ráyè tó ń kọ́ irúgbìn ní òùngbẹ?

Ẹnìkan ráyè o. Ọ̀jẹ́wùmí ni wọ́n ń pè é, ará Ìdí-Ẹ̀mì, níbi tí òjò ti dà bí àna tó wá kíni: ó pẹ́ kó tó dé, kò sì jókòó pẹ́.

Ọ̀jẹ́wùmí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìbẹ̀rù ló bá a jà. Lọ́dún tó ṣáájú, àgbàdo ló gbìn kárí oko, ọ̀dá dé, ewúrẹ́ ló jẹ pòròpórò rẹ̀. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ wá lọ gba irúgbìn ọkà bàbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá ní, “Èyí ló bá àwọn baba wa gbé ilẹ̀ yìí. Tó bá ti hù, kí ọkọ rẹ fi í sílẹ̀.” Ọkà hù dáadáa. Àṣàbí bí ọmọ kẹta, ojú gbogbo ilé sì wà lára oko yẹn.

Ni òjò bá dáwọ́ dúró. Ọjọ́ méje kọjá, ọjọ́ mẹ́rìnlá kọjá. Láàárọ̀, lálẹ́, Ọ̀jẹ́wùmí á lọ fọwọ́ kan ewé ọkà bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ. Lọ́jọ́ tí ewé kọ́kọ́ ká lọ́sàn-án, àyà rẹ̀ já. Ó gbé agbè, ó lọ sí ìsun tí gbogbo abúlé ń pọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sídìí ọkà.

Bàbá Láṣebìkan, tí oko wọn jọ pààlà, rí i.

“Ọ̀jẹ́wùmí, kí lò ń ṣe fún un yẹn?”

“Omi ni, bàbá. Ẹ ò rí i pé ewé rẹ̀ ti ká?”

“Ó ká a kí oòrùn má baà mu ún gbẹ ni. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á là á. Fi í sílẹ̀, ó ń wá omi lọ nísàlẹ̀.”

“Bó bá kú ńkọ́?”

 Láṣebìkan gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Omi tí à ń wí yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni? Ẹ̀kúnwọ́ kan sídìí kan, kò ju kó rin ojú ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkà á tutù yọ̀yọ̀, ọkàn Ọ̀jẹ́wùmí á balẹ̀ títí di ọjọ́ kejì tí ewé á tún ká. Ó di ojoojúmọ́. Nígbà tí ìsun ń fà, wọ́n ní agbè méjì ni kí ilé kan máa pọn lóòjọ́. Ọ̀kan nínú ti ilé Ọ̀jẹ́wùmí, oko ló ń lọ.

“Olówó orí mi,” Àṣàbí wí, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, “ọmú mi ti ń gbẹ. Omi tí ǹ bá mu lẹ ń dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn.”

“Ṣé kí ọkà kú ni? Kí la ó jẹ?”

“Ìyá mi ní kí ẹ fi í sílẹ̀.”

“Ìyá rẹ kò sí níbí.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló dùn ún. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó tọrọ àforíjì. Ó gbé agbè.

Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, ìsun gbẹ. Ìrìn ìdajì ọjọ́ ni wọ́n wá ń rìn lọ pọn omi mímu. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí oko Ọ̀jẹ́wùmí fi wó lulẹ̀. Lódìkejì ààlà, ọkà Láṣebìkan dúró.

“Bàbá, wọ́n ti ṣe mí,” ni Ọ̀jẹ́wùmí wí.

Láṣebìkan fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa igi ọkà kan tu nínú oko Ọ̀jẹ́wùmí. Gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́ sójú ilẹ̀. Ó wá fi ọkọ́ walẹ̀ nídìí tirẹ̀ títí ihò fi mù ún dé orúnkún, kò tíì rí òpin gbòǹgbò.

“Tìrẹ kò wá omi lọ síbì kankan. Kí ló fẹ́ wá lọ, nígbà tí o ń gbé e wá bá a?”

Òjò padà dé, àwọn yòókù kórè. Ní Ìdí-Ẹ̀mì, ẹni tí oko rẹ̀ bá bàjẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan á fún un ní ìdì ọkà kan. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ dúró láàárín gbogbo wọn, á sọ ohun tó pa oko rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè sá fún un. Láwọn ọdún tó kọjá, àwọn kan ti sọ pé eéṣú ni, àwọn kan ní iná ìgbẹ́ ni. Ọ̀jẹ́wùmí dúró, ojú ń tì í.

“Kí ló pa á?” Baálẹ̀ bi í.

“Èmi ni. Ọkà náà mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ọ̀dá kó tó dé ọwọ́ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní òùngbẹ.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láṣebìkan ló kọ́kọ́ gbé ìdì tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìyá Àṣàbí tún fún wọn ní irúgbìn. Lọ́dún kejì, òjò tún dáwọ́ dúró, ewé tún ká lọ́sàn-án. Ọ̀jẹ́wùmí dúró létí oko, ó káwọ́ sẹ́yìn, ẹ̀rù ń bà á. Omi kún àmù nílé, kò bu ú. Ohun tó ń wí sí ara rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tí ewé sì là, la ṣì ń wí dòní: a kì í kọ́ ọkà bàbà ní òùngbẹ.