Itọ́ Ẹnu Tanímọ̀la
Baálẹ̀ wá gba Tanímọ̀la, ajá ọdẹ tí opó kan, Ọdẹ́yalé, fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní abo ajá òun ló bí i, wọ̀bìà àbímọ́ ló sì ń mú un ṣiṣẹ́: "Yọ ẹ̀kọ́ tí o kọ́ ọ kúrò, kí n mú wọ̀bìà tèmi lọ, bí kò bá ṣeé yọ, tèmi ni gbogbo ajá."  Opó gbé ẹran etu síwájú ajá, ó ní, "Dúró." Ajá dúró, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀ tó-tó-tó. Baálẹ̀ ní kó jẹ ẹ́, ajá kò mira. Opó kúnlẹ̀. "Bàbá, wọ̀bìà yín ló ń kán sílẹ̀ yẹn. Ẹ bu tiyín. Dídúró tó dúró ni tèmi." Baálẹ̀ wo ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ti fà á mu. Ọdẹ́yalé bá sọ fún ajá rẹ̀ pé, "Ó yá, jẹ ẹ́."