Afárá Tó Ń Dán Ní Ìdóńlá

Bí òjò bá ti rọ̀ ní Ìdóńlá, inú Sẹ̀gilọlá á bàjẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Adésọjí, ń gba orí afárá onírin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní òdìkejì odò, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Omi pupa ìdógùn-ún máa ń sun láti abẹ́ ọ̀dà afárá náà, á sì ba ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ jẹ́. Sẹ̀gilọlá fọ̀ ọ́ títí, ó sú u.

Àṣà ìlú ló fa èyí. Règbérègbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè gbọ́dọ̀ kun afárá ní àwọ̀ tirẹ̀, lórí àwọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ha ọ̀dà àgbà kúrò. Ẹwà ni wọ́n ń bá ara wọn dù. Ta ni yóò yìn wọ́n fún híha irin?

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá gbọ́ pé ẹgbẹ́ tuntun ti ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó lọ bá Òdúbélà, Gíwá tó jẹ́ olórí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ha ìdógùn-ún yẹn. Ọ̀dà yín kò lẹ̀ mọ́ irin mọ́, orí ìdógùn-ún ló jókòó lé."

Òdúbélà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Adésọjí, ṣé ẹ fẹ́ kí n ha iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi dànù ni? Afárá tó ń dán báyìí! Ẹ lọ se oúnjẹ ọmọ yín."

"Ọmọ náà ló ń gun afárá ọ̀hún lójoojúmọ́!"

Inú ń bí i dé ilé. Àwọn tó fi odidi ọ̀sẹ̀ jiyàn lórí àwọ̀ kò ráyè fi ọjọ́ kan ha irin!

Wọ́n kun afárá tán, ọjọ́ àṣeyẹ rẹ̀ pé. Sẹ̀gilọlá àti àwọn obìnrin yòókù ń gúnyán àlejò lẹ́bàá odò. Òdúbélà ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tò sórí afárá, kí wọ́n kọrin. Bí Sẹ̀gilọlá ṣe rí Adésọjí tó fẹ̀yìn ti òpó, tòun tọmọ odó ló sáré gun afárá. Ó fa ọmọ rẹ̀ kúrò, ó lé àwọn yòókù sórí ilẹ̀.

"Ẹ di obìnrin yìí mú!" Òdúbélà pariwo. "Ó fẹ́ ba ọ̀dà wa jẹ́!"

"Ọ̀dà ló ká yín lára, kì í ṣe ọmọ wa!" Sẹ̀gilọlá fi ọmọ odó gbá òpó náà.

Kò dún bí irin. Ọmọ odó wọ inú òpó lọ, ìyẹ̀fun pupa sì ń tú jáde. Lójú ihò náà ni wọ́n ti rí àwọ̀ ẹ̀gbọ́n lábẹ́ àwọ̀ àbúrò. Àwọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ pé síbẹ̀. Irin nìkan ni kò sí. Òdúbélà, tó wà láàárín afárá, ń yọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ bí olè adìẹ.

"Ẹ máa yan bọ̀, Gíwá!" ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ṣebí ó ń dán!"

Ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn àgbà Ìdóńlá fi máa ń sọ pé: ọ̀dà kì í pa ìdógùn-ún, bíbò ló ń bò ó.