Èènì Inú Ìgò

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan kò ju kí ó máa ṣọ́ ìgò kan lọ. Ìgò náà dí pa, wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Omi nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní ipò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: yìnyín, omi ṣíṣàn, àti oru omi tí ojú kò rí. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń gbé pọ̀, ojú kan ṣoṣo ni tẹmómítà inú rẹ̀ máa ń dúró sí. Òun ni wọ́n fi ń yẹ gbogbo tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà ọmọdé wò.

Ojú yẹn fi ìwọ̀nba kín-ún ju òdo lọ, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kan. Èyí ń jẹ ọkùnrin wa lọ́kàn. Ó ní, "Èènì nìyí. Ẹni tó ṣe ìgò yìí ló bu èènì sí i." Èènì dára lórí gàrí, kò dára lórí ibà ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè torí rẹ̀ gba abẹ́rẹ́. Olóòótọ́ ènìyàn ni, má bú u.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kó yìnyín àti iyọ̀ yí ìgò ká, kí òtútù lè yọ èènì náà. Tẹmómítà kò mì. Ó fi iyọ̀ kún un, kò mì. Ó wá ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń nájà: "Jọ̀ọ́, dín in díẹ̀ sí i." Ọ̀sán pọ́n. Lójijì tẹmómítà sọ̀ kalẹ̀ kan òdo, ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó máa wo ìgò, omi kò sí mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti di yìnyín. Kó tó mí, yìnyín tó ń wú ti fọ́ ìgò sí wẹ́wẹ́.

Ọ̀gá rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan, bá a lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dákun mà, èènì ni mo fẹ́ yọ."

"Kì í ṣe èènì," ni ìyá náà wí. "Bí omi bá dá wà, o lè mú un gbóná bó ṣe wù ọ́, o sì lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ọ́. Bí oru bá bá a jókòó, ọ̀kan nínú méjèèjì, ìgbóná tàbí ìtẹ̀, ló kù fún ọ láti yàn. Ìkejì á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Bí yìnyín bá tún dara pọ̀ mọ́ wọn, kò ku nǹkan kan fún ọ. Ibi tí wọ́n bá pàdé náà ni wọ́n pàdé."

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ẹ̀rù tó ní ayọ̀ nínú. Omi lásán, omi tí a fi ń fọ ẹsẹ̀, òfin inú rẹ̀ kò gbọ́ ti ọba! Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀? Nígbà tí wọ́n ra ìgò mìíràn dé, ó máa ń ṣí fìlà kó tó súnmọ́ ọn.

Ìwọ tí wọ́n fi jẹ olórí ẹbí lánàá, gbọ́. Nígbà tó o dá gbé, o jí nígbà tó wù ọ́, o sọ̀rọ̀ bó ti wù ọ́. Ojúlé mẹ́ta ló jókòó yí ọ ká báyìí. O fẹ́ kí wọ́n wà pọ̀, o sì tún fẹ́ kí tìrẹ máa ṣẹ. Kò ṣeé ṣe, àfi kó o mú ọ̀kan. Bó o bá rọ̀ mọ́ ìfẹ́ inú ara rẹ, jí lọ́la kó o ka àwọn èèyàn rẹ, wàá rí ẹni tó ti lọ.