Òkété Tó Fi Ẹní Bo Kànga

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà lálẹ́ yìí. Ilé Òkété ló yà sí, ẹ̀bá kànga ló jókòó sí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ àwọn àgbà kẹ́ ẹ gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní oko kan tí gbogbo wọn jọ ń dá. Lásìkò ìkórè, ọmọ Ọ̀yà rákò lọ sídìí iná tí wọ́n fi ń sun àgbàdo lóko, iná sì jó o lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo ìlú. Ẹtu, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ìyá, pe ìpàdé.

Ó ní, "A ò ní í gbé ọmọ ọwọ́ lọ sóko mọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ilé kan, ká tún un ṣe, kí wọ́n lè máa rá káàkiri níbẹ̀ láìfarapa."

Òkété dìde. "Ìyá Ẹtu, ilé tèmi ni kẹ́ ẹ lò. Ó láyè. Èmi náà ni n ó tún un ṣe, èmi ni n ó sì máa ṣọ́ wọn. Ẹ ṣáà kó ohun èlò wá."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀bọ la pákó fún ìdérí kànga tó wà lágbàlá Òkété. Ìgalà lọ́ okùn tó yi tí wọn yóò fi dè é. Àwọn yòókù gbé ẹ̀wà àti oyin wá, kí àwọn ọmọ máa rí jẹ.

Nígbà tí Òkété rí ẹrù yẹn nílẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lójú. Àká èkùrọ́ rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù olè. Ó fi pákó Ọ̀bọ ṣe ilẹ̀kùn àká, ó fi okùn Ìgalà dè é pinpin. Ó wá tẹ́ ògbólógbòó ẹní lé ẹnu kànga, ó bu iyẹ̀pẹ̀ lé e títí ó fi dà bí ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ rí i. Ọmọ kan ṣoṣo ló dúró fún wọn nínú gbogbo èyí tí wọ́n bí, Dúrósinmí lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ni.

"Bàbá Dúró, ṣé ẹní yìí lẹ fẹ́ fi bò ó?"

"Ta ni yóò débẹ̀? Ṣebí èmi ni mò ń ṣọ́ wọn."

"Wọn ò ní í sọ fún yín kí wọ́n tó rá débẹ̀ o."

"Má dá mi lágara, jàre."

Nígbà tí Ẹtu wá yẹ ilé wò, ó rí i pé wọ́n ti ṣọgbà yí ààrò ká, ọ̀bẹ sì ti wà lájà. Ó ní, "Kànga ńkọ́?"

"Mo ti dí i, Ìyá. Ẹ má tíì tẹ orí ẹ̀, kò tíì le dáadáa."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá ọ wo Dúró."

Àdúrà yẹn gún Òkété láyà díẹ̀. 

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá gbé ọmọ sílẹ̀, ìyàwó Òkété náà gbẹ́kẹ̀ lé ìṣọ́ ọkọ rẹ̀, ó bá wọn lọ sóko. Òkété se ẹ̀wà, ó fi díẹ̀ kan àwọn ọmọ lẹ́nu, ó jẹ ìyókù. Ó lá oyin títí. Oorun gbé e lọ.

Jàbú ló gbọ́. Ó la ojú. Ọmọ Ẹtu wà. Ọmọ Ọ̀bọ wà. Ẹní kò sí lẹ́nu kànga mọ́, Dúró kò sì sí.

Ó sáré débẹ̀. Ọmọ di ẹní tó léfòó mú, ó ń gbọ̀n. Okùn dà? Okùn wà lára àká. Òkété fa kókó tí òun fúnra rẹ̀ ta, kò tú. Ó fi eyín gé e, kò já. Ló bá figbe orin ké sí Ọ̀bọ, tó ń ká èso lórí igi nítòsí. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀bọ, ọ̀rẹ́ mi, dákun máa bọ̀,
*Omi ń gbọ́mọ lọ.*
Dúró mi ń bẹ nínú kànga,
*Omi ń gbọ́mọ lọ.*
Ọwọ́ mi ò tó o, dákun máa bọ̀,
*Omi ń gbọ́mọ lọ.*

Ọ̀bọ fò dé. Ó fi ẹsẹ̀ kọ́ etí kànga, ó na ọwọ́ wọ inú rẹ̀, ó fa ọmọ yọ. Ọmọ wúkọ́, ó pọ omi, ó bú sẹ́kún. Ó yè.

Àwọn ọmọ yòókù ti ń rá bọ̀. Ọ̀bọ wojú ilẹ̀ fún ohun tí yóò fi bo kànga. Ojú rẹ̀ bá àká. Ó mọ pákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ là. Òkété ń retí èébú, ṣùgbọ́n Ọ̀bọ kò bú u.

"Gbé ọmọ ẹ kúrò lọ́nà," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ó tú okùn, ó gbé pákó, ó bo kànga. Èkùrọ́ dà sílẹ̀ yàà. Òkété dúró síbẹ̀, ó gbá ọmọ tí omi ti mú tutù mọ́ àyà, kò lè ṣa ẹyọ kan nílẹ̀.

Àwọn ìyá dé. Ẹtu wo kànga, ó wo àká, ó wo ọmọ tí ara rẹ̀ ṣì tutù.

"Òkété, mo bi ọ́ nípa kànga."

"Ẹ bi mí, Ìyá."

"Kí lo sọ fún mi?"

Òkété kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. Ó ní, "Ẹ nà mí."

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Kálukú gbé ọmọ tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gba Dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó tẹ̀lé Ẹtu lọ. Kò wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé Òkété lọ́nà, wọ́n á kí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Kíkí yẹn gan-an ni kò lè gbà. Ojú ń tì í débi pé ó gbẹ́ ihò, ó kó wọ inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, kì í yọjú. Ìgbà tí gbogbo ọmọdé bá ti sùn ló ń jáde, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá gbà láti tún ilé ṣe fún ọmọdé, kó ṣe é bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rá débẹ̀. Àlọ́ mi ti délé. Kẹ́ ẹ tó wọlé lọ sùn, kí ẹnì kan bá mi wo ìdérí kànga wa.