Olùkọ́ Tí Wọn Ò Fẹ́ Dójú Tì

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun tó fẹ́ lọ kọ́ àwọn ará Indonéṣíà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí ọmọ Ìkìrun má lọ. Ọkùnrin yìí ti jáde yunifásítì, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀, ohùn ẹ̀ sì dùn débi pé òun ni wọ́n máa ń pè kó wá ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì ṣe rí: kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ èdè mẹ́wàá. Méjì dá a lóhùn. Ọ̀kan jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ní ìlú kan létí òkun, ilé alájà mẹ́rin, gíláàsì níwájú, ẹ̀rọ amúlétutù ní gbogbo yàrá. Èkejì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ní ìlú kan lórí òkè, yàrá mẹ́ta péré, obìnrin kan ló ni ín. Owó oṣù wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà jẹ́ ká fi ti owó sílẹ̀.

Àwọn méjèèjì ní kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ àwọn lórí fóònù onífídíò, bí ẹni pé àwọn ni akẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn lè wo ọwọ́ ẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ló kọ́kọ́ pè. Ó kí i dáadáa. Ó béèrè bàbá ẹ̀, ó béèrè ìyá ẹ̀, ó béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Ìkìrun. Ọkùnrin náà ò tíì kọ́ ọ ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí ọ̀gá náà fi pàtẹ́wọ́.

"Ó ti tó," ó ní. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbà wo lẹ máa dé?"

Obìnrin orí òkè pè lọ́jọ́ kejì. "Ẹ káalẹ́" nìkan ló fi kí i, oòrùn ọ̀sán sì ń ràn ní Ìkìrun. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà tán pátá.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ fi sọ̀rọ̀," ó ní. "Èmi tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lanu. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, 'yẹ́ẹ̀sì' ni mo wí. Kí lẹ rò pé mo kọ́?"

Ọkùnrin náà fa ìwé àti bírò mọ́ra.

"Ẹ ń yára jù, ẹ kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Ó ṣeé tún ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá, oṣù kan lẹ máa fi jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ẹ ó máa wò mí. Lóṣù kejì, èmi ni màá jókòó sẹ́yìn tiyín. Tí kíláàsì bá ti tú, màá sọ ibi tó burú fún yín."

Ìyá ọkùnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn.

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá kan tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ni, Mọ̀ọ́mi."

"Kò béèrè mi?"

"Rárá, mà."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Kò béèrè wọn."

"Ẹni tí kò mọ èèyàn kí, kí ló fẹ́ kọ́ ẹ? Èyí àná yẹn tó béèrè òjò lọ́wọ́ wa, ṣé ìyẹn ti kú ni?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí. Ìwọ náà mọ̀ bó ṣe ń rí nílé wa. Ẹni tó bá mọ̀ wá kí, a ti máa ń gbà fún un kó tó sọ ohun tó bá wá.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, ó bá àwòrán ara ẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ó dúró wò ó títí, ó yà á sí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sílé.

Èèyàn méjìlá ni wọ́n kó fún un. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, iṣẹ́ kíṣìnì nínú ọkọ̀ òkun tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń rán ẹnì kan wá dán wọn wò. Ẹni tó bá lè fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn á lọ, ẹni tí kò bá lè dáhùn á dúró de ọdún tó ń bọ̀. Wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlógójì. Ẹni tó dàgbà jù nínú kíláàsì náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Wahyuni, ọlọ́mọ méjì, tó fi iṣẹ́ ẹja sísá sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ náà. Ó máa pé márùndínlógójì géérégé kí ìdánwò tó dé.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní. Ọkùnrin náà kọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu ẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Tó bá parí, á bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Yẹ́ẹ̀sì, Místà."

Ó yẹ kó fura. Òun náà ti jókòó nínú kíláàsì ìṣirò rí, níbi tí gbogbo wọn ti ń pariwo pé "ó yé wa, sà", tó sì jẹ́ pé ẹni méjì ló yege nígbẹ̀yìn, òun ò sì sí lára àwọn méjì. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti bọ́ síwájú pátákó, ó máa ń gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá á yọjú. "Ẹ kú iṣẹ́, Místà. Wọ́n fẹ́ràn yín gan-an ni."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Obìnrin kúkúrú kan dé pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Wọ́n ní kí olùkọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó máa wò. Wahyuni ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

"Tí iná bá ràn ní kíṣìnì," obìnrin náà fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, "kí lẹ máa ṣe?"

Wahyuni rẹ́rìn-ín músẹ́. "Yẹ́ẹ̀sì," ó ní.

"Mo ní iná ń jó. Kí lẹ máa ṣe?"

"Yẹ́ẹ̀sì, Mísìsì."

Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹnì kejì wọlé, òun náà ní yẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ẹnì kẹta ní yẹ́ẹ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. Nígbà tó fi máa kan ẹnì kẹfà, ó ti kọjú sí ògiri. Àwọn méjèèjìlá wọlé, àwọn méjèèjìlá rẹ́rìn-ín. Orúkọ wọn nìkan ni wọ́n lè sọ, ìyẹn náà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó pàdé ẹ̀.

Obìnrin náà pa fáìlì dé.

"Ta ló kọ́ wọn?"

"Èmi ni, mà."

"Fún oṣù mélòó?"

"Oṣù mẹ́ta."

Ó wo ojú ẹ̀, ó wo àwòrán ńlá tó hàn láti ojú fèrèsé. "Ó dáa," ó ní. Ó dìde, ó lọ.

Ọkùnrin náà bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì ẹ̀. Ọ̀gá bu tíì fún un.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ọ̀gá ní. "A ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ kí ni?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti wá bá mi. Wọ́n ní ohùn yín dùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń yé àwọn níbẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé ife tíì kalẹ̀. "Ẹ mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. "Àlejò ni yín. Olùkọ́ ni yín. Ta ló máa dójú tì yín? Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Àti pé àwòrán yín tó wà lẹ́nu géètì, iṣẹ́ tiẹ̀ ń lọ dáadáa. Àwọn tó wá forúkọ sílẹ̀ ti di ìlọ́po méjì."

Ọkùnrin náà fẹ́ béèrè pé irú ìwà wo nìyí, ṣùgbọ́n ó mọ ìwà náà. Nílé tiwa, ọmọ wo ló máa kojú àgbà pé ohun tẹ́ ẹ ń sọ látàárọ̀ ò yé mi? Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta lọ bá ìwà ilé.

Kò tíì bọ́ lára ẹ̀ nígbà tí Wahyuni dé. Ó gbé ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ewé pọ́n lọ́wọ́. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ ló bá a túmọ̀.

"Ó ní kẹ́ ẹ má bínú. Ó ní àwọn ti kó ìtìjú bá yín lójú àlejò. Ó ní ẹ ṣe wàhálà púpọ̀ lórí àwọn."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹja náà. Kò mọ ohun míì tó lè fi ọwọ́ náà ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe obìnrin orí òkè, ó rò ó fún un bó ṣe rí.

"Àyè yẹn ti kún," obìnrin náà ní.

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀, mà. Mo ní kí n kàn béèrè ni."

"Àwọn méjìlá yẹn, níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà níbí."

"Kí lẹ wá ń wá lọ́dọ̀ mi? Ẹ tún wọn kọ́. Ẹ máa fi fóònù ká a sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́. Màá sọ ibi tó burú."

Ó fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Èsì dé, gbólóhùn kan ni: "Ẹ pa ẹnu dé díẹ̀."

Ó pa á dé. Láàárọ̀, kí kíláàsì tí wọ́n ń san owó fún tó bẹ̀rẹ̀, á kó wọn lọ sí kíṣìnì ilé oúnjẹ kan nítòsí. Á bi wọ́n ní ìbéèrè kan, á sì dákẹ́, títí ẹnì kan á fi sọ nǹkan. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ pé kò yé àwọn. Oṣù méjì ni wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ ìyẹn nìkan fún olùkọ́ lójú ẹ̀. Ẹni mẹ́ta fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mẹ́sàn-án dúró.

Ọdún yí po. Obìnrin kúkúrú náà padà wá. Ó tún bi Wahyuni ní ìbéèrè iná.

"Màá pa gáàsì," Wahyuni fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. "Màá fi ìdérí bo ìkòkò náà. Mi ò ní da omi sí i. Màá pe èèyàn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó wo ọjọ́ ìbí tó wà nínú fáìlì, bírò ẹ̀ sì dúró.

"Ẹ ti pé mẹ́rìndínlógójì," ó ní. "Ṣé ìyẹn yé yín?"

"Ó yé mi," Wahyuni ní. "Oṣù tó kọjá ni mo pé e."

Ó dúpẹ́, ó dìde, ó jáde. Márùn-ún nínú àwọn tó kù wọkọ̀. Òun padà sídìí ẹja.

Ìwọ ni mò ń bá wí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo ti ń rẹ́rìn-ín sí fóònù, mo sì mọ èyí tó wù ẹ́ nínú àwọn tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́. Ilé wọn dára, ọ̀gá ibẹ̀ sì mọ èèyàn kí. Mi ò ní kó o kórìíra ẹni tó ń kí ẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọ́kọ́ lo fẹ́ gbà, iṣẹ́ tí o ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Èébú kọ́, bó ṣe rí nìyẹn. O máa ṣì í. Ọjọ́ tó o bá ṣì í, ìwọ kọ́ lo máa pàdánù, torí o ṣì lè ríṣẹ́ míì. Ẹni tó jókòó síwájú ẹ, tó ń mi orí, ni ọdún ń lọ lórí ẹ̀.

Nítorí náà, kó o tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, pe ọ̀gá ibẹ̀, kí o bi í pé, "Ọjọ́ tí mo bá ṣì í, ta ló máa sọ fún mi, ìgbà wo ló sì máa sọ ọ́?" Tó bá ní kò lè ṣẹlẹ̀, pé àwọn ti fọkàn tán ẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa, kí o má sì lọ.