Okùn Aṣọ Ojúde Ọba

Láṣebíkan ará Ìdó-Ọ̀pẹ kì í ṣe olóyè, kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dìde lójúde ọba, olóyè àti ọlọ́rọ̀ á dákẹ́ gbọ́ ọ. Òun ló sọ okùn aṣọ di òfin nílùú náà.

Olóyè Arówólò ni ìránṣẹ́ ìlú nígbà náà. Bí ọ̀rọ̀ ààlà bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn ará Ẹ̀bá-Odò, ìlú á dá owó ọ̀nà jọ, Arówólò á sì lọ bá wọn yanjú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni yóò ní owó ọ̀nà kò tó, pé òun tiẹ̀ fi tòun kún un. Kò ní pẹ́ sí i, àwọn ìyàwó rẹ̀ á ró ẹtù tuntun lọ pọnmi. Ọ̀rọ̀ yìí sú Láṣebíkan. Ó ní bó bá jẹ́ owó gbogbo wa ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò, ojú gbogbo wa náà ni kí wọ́n ti máa tú ẹrù. Wọ́n na okùn láti ara igi odán kan sí èkejì, wọ́n ní aṣọ tí ìránṣẹ́ ìlú bá gbé bọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò sá a sí, kí tọmọdé tàgbà wò ó.

Nígbà tí Arówólò tún ti Ẹ̀bá-Odò dé, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ẹrù ìyàwó òun tó bá òun lọ sílẹ̀.

Láṣebíkan ní, "Baba, abẹ́ ẹrù obìnrin yìí náà lẹ ń kó o pamọ́ sí. Gbogbo aṣọ la wí. Gbogbo!"

Wọ́n tú u, wọ́n bá ẹtù mẹ́ta àti sányán kan. Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Arówólò nìyẹn, tí wọ́n gbé e fún Láṣebíkan. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, òfin náà dára. Fún ọdún mẹ́fà, owó ọ̀nà ń ṣẹ́ kù, kò sì sí ohun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn ju dàńṣíkí Láṣebíkan méjì àti aṣọ ìbora rẹ̀ kan.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Láṣebíkan bí, Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Àwẹ̀ró rọbí fún ọjọ́ mẹ́rin nílé ọkọ, ọmọ náà kò yè, láti ọjọ́ náà sì ni ìtọ̀ rẹ̀ kò ti dá mọ́. Tọ̀sántòru ló ń ro. Bàbá rẹ̀ sáré mú un wálé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó sọ fún Ògúnrántí ọkọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Àkísà ìlédìí ni Àwẹ̀ró ń dì. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ̀gbẹ́ ààrò nínú ilé ló ń sá a sí, èéfín á sì gbà á. Ó ti tó oṣù méje tí kò ti rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí iṣẹ́ ìlú tún gbé Láṣebíkan lọ sí Ẹ̀bá-Odò, ó mú Àwẹ̀ró dání, nítorí ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó mọ ìtọ́jú irú àrùn bẹ́ẹ̀. Owó ọjọ́ méje ni ìlú fún un. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n lò. Agbádá tó fi gbéyàwó ló tà, tó fi bọ́ ara wọn, tó sì fi san owó ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ìtọ̀ náà ti ń dá díẹ̀díẹ̀, ìyá àgbà sì ti ní kí iṣu tuntun tó jáde, kò ní sí mọ́.

Lójú ọ̀nà ni Àwẹ̀ró ti rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ó rí i, mo máa padà sílé mi."

Arówólò ti ń dúró dè wọ́n lójúde ọba, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti pé jọ.

"Ọjọ́ méje la rán ọ," ni Arówólò wí. "Mẹ́rìndínlógún lo lò. Kí lo fi mẹ́sàn-án ṣe?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló rìnrìn àjò náà, Láṣebíkan fúnra rẹ̀ ni ì bá bi í.

"Owó ara mi ni mo ná lọ́jọ́ mẹ́sàn-án yẹn," ni Láṣebíkan fèsì. "Ọ̀rọ̀ inú ilé mi ni."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, nítorí bí Arówólò náà ṣe máa ń wí láyé ọjọ́sí nìyẹn. Wọ́n tú ẹrù. Wọ́n sá dàńṣíkí méjì, wọ́n sá aṣọ ìbora. Ó wá ku ìdì kékeré kan tí Láṣebíkan gbá mọ́yà.

"Aṣọ ló wà níbẹ̀," ó ní. "Ẹ pe Ìyálóde, kí òun nìkan gbé e wọ ilé lọ wò ó. Ohun tó bá bá níbẹ̀, kó sọ ọ́ fún yín."

"Gbogbo aṣọ la wí, Láṣebíkan," ni Arówólò dáhùn. "Àbí kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ?"

Ni èrò bá gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Gbogbo! Gbogbo!"

Láṣebíkan wo ọba. Ọba ní, "Òfin tí o fún wa ni. A ò lè torí rẹ pa á tì."

Láṣebíkan dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn!"

Ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n já ìdì náà gbà, wọ́n tú u, wọ́n sì ń ta ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkísà ìlédìí méje ni. Àbàwọ́n wà lára wọn, òórùn wọn sì gba ojúde ọba kan. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ni wọ́n, nítorí ojú gbogbo wọn ti yí sí Àwẹ̀ró níbi tó dúró sí. Ògúnrántí wà láàárín èrò. Ó wo okùn, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì yíjú padà, ó ń lọ ilé.

Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ, wọn kò lè wo ojú ara wọn. Àwẹ̀ró bọ́ sídìí okùn, ó ń ká àwọn àkísà náà, ó ń ṣẹ́ wọn po bí ẹni ń ṣẹ́ aṣọ ìyàwó.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ pè é.

Ó ká èkeje tán kó tó dáhùn. "Bàbá mi, wọn ò tíì gbẹ."

Ó gba ọ̀nà odò lọ. Bàbá rẹ̀ rò pé ó fẹ́ lọ tún wọn fọ̀ ni. Títí dòní, wọn kò rí i, wọn kò rí òkú rẹ̀.

Láṣebíkan kò lè rin ọ̀nà Ẹ̀bá-Odò mọ́, ni iṣẹ́ bá tún bọ́ sọ́wọ́ Arówólò. Ìrìn àkọ́kọ́ tó lọ, alárù mẹ́rin ló bá a ru ẹrù bọ̀. Àgbẹ̀ kan ní kí wọ́n wá sá a. Arówólò mí kanlẹ̀, ó fajú ro bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ọmọ Láṣebíkan ni? Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn."

Gbogbo èèyàn wá wo Láṣebíkan. Ó rí etí ẹtù tó yọ jáde lára ẹrù tó wà níwájú. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n fi dí i lẹ́nu. Ó sorí kọ́. Àwọn ìyàwó Arówólò tún ń ró ẹtù lọ pọnmi, ẹnì kan sì tú okùn náà, ó fi so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe, tí olóòótọ́ ń pa á, tí olè náà sì ń pa á, pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn.